Omi Tí Mo Dà Sínú Ọkọ̀ Làmídì

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná... Nígbà tí ara mi ṣì le, ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ò lè rí ọkọ̀ Bàbá mi kó gbẹ lórí ilẹ̀. Tí wọ́n bá ti fà á gòkè, omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bù sínú ẹ̀. Wọ́n á ní, "Igi tó ti mọ omi, ẹ má jẹ́ kí oòrùn fà á gbẹ. Yóò là." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ẹni tí kò bá bu omi sí tiẹ̀, bí asẹ́ ló máa ń jò.

Ẹ mọ Làmídì, ẹni tẹ́ ẹ máa ń pè ní Uncle Kennington, torí àdúgbò tó ń gbé ní London níbí. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ra ọkọ̀ onígi kan tó ń fi ìgbòkun rìn. Yáàdì kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá odò ló wà, lórí ilẹ̀, wọ́n fi òpó gbé e ró. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Pákó ìdí ẹ̀ ti gbẹ, ojú ìpàdé wọn ti là, èékánná mi ń wọ̀ ọ́. Làmídì ò wo ìyẹn. Ó ní, "Wàsíù, ẹ̀ẹ̀kan péré, ká fi lọ sójú òkun ká tó kú."

Àìsàn kíndìnrín wá dá a dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Camberwell, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Òyìnbó tó ni yáàdì ti kìlọ̀ fún mi pé omi ò gbọdọ̀ dúró nínú ẹ̀. Mo ní kí ló mọ̀? Ṣé inú ọkọ̀ ni wọ́n bí òun sí? Ẹ̀yin ayé òde òní, fóònù lẹ máa ń bi. Bàbá mi lèmi bi, ẹni tó ti kú tipẹ́. Mo fa rọ́bà omi láti ẹnu ẹ̀rọ; ó kọ́kọ́ ń jò, mo ń dà á títí pákó fi wú, ó fi dé ìdajì, mo fi tapólì bò ó. Inú mi dùn délé ní Peckham.

Ẹ gbọ́... Bàbá mi ò rí ibi tí omi ti ń di yìnyín rí láyé ẹ̀.

Òtútù dé. Omi yẹn dì, ó wú, ó fọ́ pákó méjì nísàlẹ̀. Ìwúwo ẹ̀ ti tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́ òpó, ó ti wọ́. Òyìnbó yẹn bi mí pé ta ló da omi sí i. Mo ní èmi ni. Kò tiẹ̀ bú mi. Ó ní kò sí àtúnṣe mọ́.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Camberwell. Làmídì ní, "Ọkọ̀ wa ńkọ́?" Mo ní ó wà dáadáa. Ṣé ẹ rí ẹnu mi yìí? Làmídì tí kò fẹ́ jẹun mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nítorí ọkọ̀ yẹn. Dókítà ní ó lè jáde fún ọjọ́ kan, Làmídì ní kí n gbé òun lọ wò ó. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, mo tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀... Ìgbà tó yá, ó kú, a kírun sí i lára.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin pè mí lánàá. Ó ní, "Uncle, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá Daddy tọ́jú ọkọ̀ yẹn. Saturday, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ wá wò ó." Kí ni mo fẹ́ wí?

Ẹ̀yin ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá ba nǹkan ẹnì kan jẹ́, ẹ tètè sọ fún un nígbà tó ṣì lè bínú sí yín. Làmídì ì bá bú mi, a ì bá jà, a ì bá sì parí ẹ̀. Ta ló máa bá mi jà báyìí?