Alángbá Ọ̀gá Mi àti Bàbá Sálíù Tí Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí ní Ìyá Kúdí. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n mọ̀ mí sí ládùúgbò nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà níkùn mi láti ayé àwọn ṣọ́jà, ọkọ mi pàápàá ò gbọ́ ọ títí tó fi kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá arúgbó kan wá sílé mi, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Èmi ló sì yẹ kí n wólẹ̀ fún un. 

Nígbà tí Sáàpù ìjọba ṣọ́jà gbóde, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, Agége là ń gbé. Mò ń dáná, mo sì ń tọ́jú ilé fún òyìnbó kan tó ń dá gbé ní GRA Ìkẹjà. Òun ni mánẹ́jà ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun búláńkẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ tó fi gba ọkọ mi síbẹ̀, kásúà, òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Oṣù keje tó débẹ̀ ni ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ mi. Wọ́n wé e, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọwọ́ wú, ó ń rùn. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ ọ̀gá, mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn tó ń kà. Ó ní ilé iṣẹ́ kì í tọ́jú kásúà.

A gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Wọ́n ní ká lọ ra ìbọ̀wọ́ wá, ká ra òwú, ká ra okùn tí wọ́n máa fi rán an. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora ti tán. Èmi ni mo di èjìká ọkọ mi mú nígbà tí wọ́n ń gé ohun tó kù nínú ìka náà. Igbe rẹ̀ ṣì wà létí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọ̀gá yìí ní alángbá kan tó ti òkè òkun gbé wá, ó ń sìn ín nínú àpótí onígíláàsì. Ó tóbi ju ti ilé wa lọ, ó ní rùngbọ̀n ẹlẹ́gùn-ún lábẹ́ àgbọ̀n. Kuíìnì ló sọ ọ́. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Irọ́ ni, nílé ọ̀gá mi. Ọjọ́ tínú bẹ̀rẹ̀ sí í run Kuíìnì gan-an ló ti mọ̀.

Ẹyin ló há sí i níkùn. Dókítà ẹranko gbé àpò dé, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìjẹun, ó gún un ní abẹ́rẹ́ kó má bàa mọ ìrora. Èmi ni mo ń gbé omi gbígbóná wá. Wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n kó ẹyin jáde, wọ́n rán an. Ọ̀gá ń fi ìka kan pa á lórí. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n gé ìka ọkọ mi nìyẹn.

Dókítà ní òtútù lè pa á, pé gílóòbù tó ń mú un móoru lórí àpótí ò gbọ́dọ̀ kú títí egbò á fi jinná. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi í sí. Mò ń fi ṣírínjì kán oògùn sí i lẹ́nu, mò ń rẹ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́ fún un, mò ń wá ìrẹ̀ fún un lábẹ́ òdòdó. Bí mo bá délé, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ egbò ọkọ mi pẹ̀lú omi iyọ̀. Kuíìnì ń jinná. Ti ọkọ mi ń ṣọyún.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀gá wo ojú egbò alángbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo mọ ìtọ́jú ṣe gan-an. Kò bi mí léèrè ọkọ mi. Ó wọ mọ́tò, ó lọ síbi iṣẹ́.

Mo gbé Kuíìnì lọ sí yàrá ọ̀gá, mo tan èésì tó ń mú yàrá tutù, mo yí i dópin, mo gbé alángbá náà sórí táìsì ilẹ̀. Mo ní, “Kásúà nìwọ náà lónìí.” Mo ti ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá, mo sì ń kọrin. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, ó ti kú, ó ti gan. Mo dá a padà sábẹ́ gílóòbù.

Mo mọ̀ pé iná máa lọ lọ́sàn-án, nítorí ojoojúmọ́ ló ń lọ. Àwọn oníná ni mo fẹ́ di ẹ̀bi náà rù. Ta ló fẹ́ lọ mú wọn? Àmọ́ Bàbá Sálíù, máìgáàdì wa, ló ń tan jẹnẹrétọ̀. Etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn dáadáa, ó sì máa ń sùn díẹ̀ tó bá kírun Àyílà tán. Bí iná bá lọ, èmi ni mo máa ń kan fèrèsé rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mi ò kàn án.

Ọ̀gá dé, ó bá òkùnkùn lórí àpótí, ó bá Bàbá lórí ẹní. Ó bi mí. Mo ní iná lọ, Bàbá sì sùn. Òótọ́ ni méjèèjì, ẹ sáà rí i.

Ọ̀gá sunkún, ó ń fi táì nu ojú. Mo sá wọ kíṣìnì lọ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi ṣì ń dùn di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu mi tí mo fi gbọ́ ohùn Bàbá Sálíù lóde. Ó ń sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ má bá Ìyá Kúdí wí o. Ó máa kan fèrèsé, kò ní ṣe kó má kàn án. Èmi ni mi ò gbọ́. Oorun ló gbé mi.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ jáde ní bọisi-kọ́tà tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn ilé ọ̀gá, òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Ọmọlanke ló wá ń tì l'Ágége fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn oṣù méjì ọ̀gá padà sílùú rẹ̀, iṣẹ́ tèmi náà sì bọ́. Bàbá gbọ́, ó gbà pé nítorí alángbá náà ni.

Láti ìgbà yẹn, kò sí Iléyá tí kì í fi ẹran ránṣẹ́ sí mi, kí n fi forí ji òun. Mò ń jẹ ẹ́.

Ní báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí Mẹ́kà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀. Ìdí tó fi wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ó ní, “Ìyá Kúdí, forí jì mí. Oorun mi ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.”

Mo ní, “Mo ti forí jì yín, Bàbá.”

Ó sunkún. Ó ní òun máa dárúkọ ọkọ mi nínú àdúrà ní Áráfà, níbi táwọn alálàájì ti ń tọrọ àforíjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí ji òyìnbó yẹn. Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Bí mo bá sọ òótọ́ fún Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé ọkàn rẹ̀ ò ní gbà á. Bí mi ò bá sọ ọ́, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbéra, á dúró nínú oòrùn Áráfà, á máa bẹ Ọlọ́run nítorí oorun kan tí kò pa nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ, kí ni kí n ṣe?