Ohun Tó Wà Nínú Àpòòwé 27

Òtítọ́ tí mo gbé mì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ti fẹ́ fún mi lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Láàárọ̀ ọ̀la, dókítà fẹ́ la inú mi, kò sì fi dá mi lójú pé màá jí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ dókítà kọ́ ni kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí ibùsùn yìí. Fìríìjì ilé àyẹ̀wò wa ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò kó gbogbo ohun tó ti lo ọdún márùn-ún nínú rẹ̀ dànù, àpòòwé kan sì wà níbẹ̀ tí mo fi ba ayé ọmọlúàbí kan jẹ́.

Ẹni tó bá mọ̀ mí níbi iṣẹ́ yóò rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ìyá Ẹ-Tún-un-Wò ni wọ́n ń pè mí, torí n kì í fọwọ́ sí èsì kankan tí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Igi là ń yẹ̀ wò. Bí aṣọ́gbó bá rí kùkùté igi tí olè gé nínú igbó ìjọba, yóò bu díẹ̀ wá. Bó bá rí pákó tó fu ú lára, yóò bu díẹ̀ lára ìyẹn náà. A ó wá fi DNA wọn wéra, torí igi kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, bí èèyàn. Kùkùté là ń pè ní ìyá, pákó là ń pè ní ọmọ. Bí wọ́n bá bára mu, a ó kọ "Ìyá mọ ọmọ" sórí èsì. Bí wọn kò bá bára mu, "Ìyá kọ ọmọ." Pẹ́ńsù la fi ń kọ nọ́ńbà sára àpòòwé, torí sípíríìtì tí à ń lò máa ń fọ bírò dànù. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní òfin yẹn. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ èèyàn!

Aṣọ́gbó ni ọkùnrin tí mo ṣẹ̀. Baba Kùkùté ni wọ́n ń pè é, torí kò sí kùkùté nínú igbó rẹ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n gé e. Òun ló dá ọkọ̀ gẹdú kan dúró, tó bu lára pákó inú rẹ̀ wá fún wa, tòun ti kùkùté tó fura sí. Nọ́ńbà 21 ni mo fún pákó náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọlé tọ̀ mí wá, òógùn bò ó. Òun ló ni ilé ìlàgi tí wọ́n ń gbé pákó náà lọ. Òun náà ló tọ́ mi nígbà tí àwọn òbí wa kú. Ó ní, "Àbúrò mi, wọ́n máa tì mí mọ́lé o. Ṣé o máa jókòó kó o máa wò mí níran ni?" Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú igbó ìjọba lẹ ti gé e lóòótọ́?" Ó ní, "Ìyẹn kọ́ là ń sọ. Nígbà tí mò ń pọ̀n ẹ́, ṣé mo bi ẹ́ ní nǹkan kan kí n tó pọ̀n ẹ́?"

Nígbà tó lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Àpòòwé 27 wà nínú fìríìjì. Irú igi kan náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n igi oko ni, tí a fi dán ẹ̀rọ wò, a sì ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo mú pẹ́ńsù, mo fi apá sí oókan lórí, 21 di 27. Mo fi ìrésà pa apá eéje ara àpòòwé kejì rẹ́, òun náà di 21. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ sọ ohun tó rí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: Ìyá kọ ọmọ.

Wọ́n ní Baba Kùkùté purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ síta nínú ilé tí wọ́n fún àwọn aṣọ́gbó. Baba Elékèé ni àdúgbò sọ ọ́ dà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ṣì ń jẹun, mo ń sùn. Ẹ má tíì ṣàánú mi o, a ò tíì dé ibi tó burú jù.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó wá bá mi. Ó ṣí fìlà, ó na ègé pákó kan sí mi látinú rẹ̀. "Màmá, èyí já bọ́ nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ló fi ń há ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà gbá a. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kí wọ́n tún un wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ṣàdúrà fún mi, ó ní mi ò ní tọrọ ohun tí mo ní. Bó ṣe kẹ́yìn sí mi báyìí, mo gbé ègé pákó náà lọ síbi tí a ti ń jó ìdọ̀tí, mo sì dúró tì í títí ó fi di eérú. Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Baba, ìyá ṣì kọ ọmọ."

Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ń nu ojú bí ẹni tí eruku kó sí lójú, ó wá ní, "Ó dáa. Bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Àgbà ti dé." Àfi bó ṣe gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ tààrà, tó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tó ní kó forí ji òun, òun ṣèèṣì purọ́ mọ́ ọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu òun mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kú lọ́dún tó kọjá, kò jẹ́wọ́.

Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpótí kẹta nínú fìríìjì, kẹ́ ẹ mú àpòòwé 27. Apá eéje náà dúdú ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, torí mo tẹ pẹ́ńsù jù. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó tó, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé àwọn méjèèjì lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn. Nọ́ọ̀sì ti ṣèlérí pé òun á mú ìwé yìí wá fún yín láàárọ̀. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá kò ní gbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹ máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́, òfin náà dáa. Èmi ni mi ò dáa. Bí ẹni tó tọ́ yín bá wá bẹ̀ yín, ẹ bá a sunkún, ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà.

Baba Kùkùté, mo bẹ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá lẹ́ ẹ ò gbà, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú èsì tuntun náà dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kà á. Ojú ara yín ni kẹ́ ẹ fi kà á. Kò tàn yín rí.