Ilẹ̀ Gbígbẹ ní Ashaiman

Ọṣẹ ni mo fẹ́ rà ní Ashaiman nígbà tí ọkùnrin kan tó dé akoto òṣìṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná wá bá ìyá tó ni ìsọ̀ náà.

"Màmá, ẹ kú ọjà. A tún fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ iwájú ìsọ̀ yín, ká lè ri wáyà iná tuntun síbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ọdún kan! Ta ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́?"

"Èmi ni, Màmá."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dárúkọ ara rẹ̀.

"Èmi ni mo sọ bí wáyà iná alágbára yẹn ṣe máa nípọn tó. Ìgbà òjò ni mo wá yẹ ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ tútù máa ń gba ooru lára wáyà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ilẹ̀ gbẹ, ooru há mọ́ wáyà lára, ó sì jóná."

"Ọ̀gá yín mọ̀?"

"Wọ́n ní kí n sọ pé wáyà ni kò dára. Mo kọ̀."

"Tuntun yìí ńkọ́?"

"Ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ ni mo fi ṣe ìṣirò rẹ̀."

Ìyá náà dìde. Ó di páálí ọṣẹ kan tó wà níwájú ìsọ̀ mú.

"Wá bá mi gbé e sẹ́yìn. Ó wúwo."