Ibi Tí Múráínà Wà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi, torí ẹ̀rí tèmi kì í ṣe irú èyí tí a máa ń jó sí. Mi ò gba físà. Mi ò ra mọ́tò. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi ni pé kò jẹ́ kí n kú, nígbà tó jẹ́ pé ikú gan-an ni mò ń wá kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí pẹ́, ẹ mọ̀ pé Mùsùlùmí lọkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ni mò ń ṣàlàyé fún. Múráínà lorúkọ ẹ̀. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní àdúgbò Mayfair, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò jìnnà sílé wa. Èmi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì. Fíríìjì ọ́fíìsì wa ló wá tún ṣe tá a fi mọra. Bàbá mi ní Ìrẹmọ ò fẹ́, àwọn ẹbí tiẹ̀ náà ò fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó rẹ gbogbo wọn. Ó fẹ́ mi. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi, òun ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ẹ̀. Bó bá di oṣù ààwẹ̀, èmi ni mo máa ń jí se sààrì fún un. Bó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, òun ló máa ń bá mi lọ aṣọ mi, á ní, "Ìyá Kúnlé, yára o, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ kó o tó dé."

Ọ̀rọ̀ ibi téèyàn ń lọ lẹ́yìn ikú, a kì í sábà sọ ọ́. Ìgbà kan ni mo bi í, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibi tí wọ́n bá mú mi lọ, màá ti wá ìjókòó dè ẹ́ níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A jọ rẹ́rìn-ín, a sì lọ jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n wá pè mí ní ọ́fíìsì pé ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, ẹnu ẹ̀ ti wọ́, kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ló dì mú. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Alhájà Sàlámọ̀tù, tí wọ́n ń gbé Òkè-Ogbó, wà níbẹ̀. Alhájà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ka kálímà ṣáhádà sí i létí. Èmi ń pe Jésù ní ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì. Àárín àwa méjèèjì ló kú sí.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, àwọn ọkùnrin gbé e lọ. Obìnrin kì í tẹ̀ lé wọn dé etí sàréè. Mo jókòó sínú yàrá láàárín àwọn obìnrin, mò ń gbọ́ ohùn wọn bó ṣe ń jìnnà, títí tí mi ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin ará, mi ò rí i kí wọ́n tó bò ó.

Ẹ̀yin ìjọ gbìyànjú. Ẹ wá, ẹ kọrin, ẹ gbé oúnjẹ wá. Ìyá kan nínú yín fà mí sí kọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n mọ ara wọn, ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, mi ò sì bínú sí wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Kúnlé, ẹ má sunkún jù. Tiẹ̀ ti parí. Tiyín ló kù báyìí, ẹ di tiyín mú."

Mo ní, "Mà, ṣé a ò ní ríra mọ́ ni?"

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó gba Jésù kó tó dákẹ́?"

Mo mi orí pé rárá. Wọ́n dì mí mọ́ra, wọ́n sì dákẹ́. Ìdákẹ́ wọn yẹn wọ inú egungun mi.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé mi ò gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti gbọ́ ọ, mo ti ṣe àmín sí i láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, èèyàn tí mi ò mọ̀ ló wà nínú iná tí wọ́n ń wàásù ẹ̀. Nísinsìnyí ọkọ mi ni. Ọwọ́ tó ń lọ aṣọ mi ni. Bẹ́ ẹ bá ń kọrin ọ̀run níbí, tẹ́ ẹ ní a ó pàdé níbi tí ẹkún ò sí, ara mi á tutù wọ́ọ́. Mo máa ń bi ara mi pé, báwo ni màá ṣe jókòó sínú ìgbádùn yẹn? Ṣé màá máa kọrin, kí Múráínà máa jó nínú iná? Ṣé Ọlọ́run á pa á rẹ́ lọ́kàn mi ni, tí mi ò fi ní mọ̀ pé mo lọ́kọ rí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ló dé ọ̀run yẹn. Ẹlòmíràn ni.

Mo wá rántí ọ̀rọ̀ tó fi ṣàwàdà yẹn, pé òun á ti wá ìjókòó dè mí. Háà! Mo bú sẹ́kún lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sáré wá.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìrẹmọ. Ẹ mọ àwọn àgbà wa. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá tiwọn sọ fún wọn ṣì wà nínú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, pa ẹnu mọ́. Múráínà ò lọ ibì kankan. Bí ìyàwó Kúnlé bá ti bí ọkùnrin, òun ni. Á yà padà wá." Wọ́n rò pé inú mi á dùn. Mo ní, "Màámi, bó bá padà wá bí ọmọ-ọmọ mi, ta ni màá máa pè lọ́kọ?" Wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbàdúrà mọ́. Màá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Èrò kan wá wọlé sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́ níwájú pẹpẹ, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún Pásítọ̀, wọ́n ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo rò ó pé, bó bá jẹ́ inú iná ló wà, kí èmi náà kú láìgbàdúrà, kí n lọ bá a níbẹ̀. Ó sàn kí a jọ wà níbi tí kò dáa ju kí n dá wà níbi tó dáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́. Mo kó oògùn ẹ̀ jù sínú dúrọ́ọ̀, mi ò lò ó mọ́. Oúnjẹ, bí mo bá rántí ni mo máa ń jẹ. Orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣú, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Inú mi tiẹ̀ ń dùn sí i. Mo ní ó kù díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Alhájà wọlé dé láti Òkè-Ogbó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe àdúrà fún ọkọ mi ni mi ò ti rí wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń yí tẹ̀súbà lọ́wọ́, wọn ò wojú mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo wá bẹ̀ ẹ́ ni. Má bínú sí mi o."

Mo ní, "Ọkọ mi, kí ló dé?"

Wọ́n ní, "Wáàsí kan ni mo gbọ́ ní Jímọ̀. Àáfà wa sọ pé ẹni tí kò bá ka kálímà, kò ní rí àlùjánnà wọ̀. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti sùn dáadáa. Ìwọ ni mò ń rò. Mo ní bí àbúrò mi bá wà níbẹ̀ tó ń wo ọ̀nà, tó wò ó títí tí kò rí ẹ ńkọ́? Bí mo bá dé ibẹ̀, tó bi mí pé, Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó mi dà, kí ni kí n sọ?" Wọ́n gbé tẹ̀súbà sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, ọmọ dáadáa. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kódà kó jẹ́ nínú yàrá yìí, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Kà á, nítorí Múráínà."

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Alhájà, ibi tẹ́ ẹ rò pé ó wà kọ́ ni wọ́n sọ fún mi pé ó wà o."

Wọ́n ní, "Ibo ni wọ́n ní ó wà?"

Mo wo ilẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí, ó wá yé wọn. Wọ́n ti orí àga sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Múráínà? Nínú iná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Múráínà tí mo pọ̀n dàgbà?"

A jọ sunkún. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó kú. Alhájà di apá mi mú, èmi di tiwọn mú, bí ìgbà tí odò fẹ́ gbé àwa méjèèjì lọ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n bi mí pé, "Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́, ṣé o gbà pé ibẹ̀ ló wà?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

Wọ́n ní, "Àlùjánnà tí mo ní ó wà yẹn, èmi náà ò dé ibẹ̀ wò. Ọlọ́run ló mú un, kò sì bi wá kó tó mú un. Ẹ jẹ́ á fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó mú un."

Wọ́n wá wo ojú mi dáadáa, wọ́n ní, "Kí ló dé tó o rí báyìí? Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?" Mo fẹ́ dìde, ilé yí mọ́ mi lójú. Alhájà pariwo. Àwọn ará ilé ló bá wọn gbé mi dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ mi tún un wọ̀n, ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Dókítà ní bó bá di ọjọ́ kejì, òkú mi ni wọn ì bá gbé wá. Ẹ gbọ́ o! Bí Alhájà bá sún un di ọ̀la, mo ti lọ.

Nígbà tí mo padà sílé, Alhájà dúró tì mí. Wọ́n ń po ògì fún mi, wọ́n ń dúró wò mí kí n gbé oògùn mì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n tẹ́ ẹní wọn sí pálọ̀, wọ́n ń kírun. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ wá jáde. Mo ní, "Olúwa, mi ò bi ọ́ léèrè ibi tó wà mọ́. Ìwọ ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ ló dá a. Ṣàánú ẹ̀. Ṣàánú mi." Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mi ò rí ìran. Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà, ẹ̀yin ará mi. Mo ti gbàdúrà!

Mi ò fẹ́ pa irọ́ níwájú Ọlọ́run. Mi ò tíì mọ ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo ṣì ń jí tí mo ń sunkún kí n tó wẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ orin ọ̀run, ẹ̀ẹ̀kan mo lè bá yín kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan mi ò lè. Mo bi Pásítọ̀ ibi tó wà, wọ́n ní, "Mà, Adájọ́ ò tíì fi àga ẹ̀ lé mi lọ́wọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún èsì yẹn.

Ẹni tí Ọlọ́run rán sí mi, ó wá mú mi kúrò nínú ìgbàgbọ́ mi ni. Òun náà ni Ọlọ́run fi dá mi padà sínú ẹ̀. Alhájà tẹ̀ lé mi wá lónìí. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé, kí àáfà wọn má baà gbọ́. Wọ́n wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, lórí àga táwọn tó ń ṣọ́ mọ́tò gbé fún wọn. Wọ́n ní àwọn á máa gbọ́ mi nínú sípíkà.

Ògo ni fún Ẹni tó dá ẹ̀mí mi sí. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ ké halelúyà kan tó máa gba ojú fèrèsé jáde, kí Alhájà mọ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí pé mo sọ ọ́ tán, mi ò sì ṣubú.