Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Màmá Tọ́ Wò

Lọ́sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, nínú mọ́tò tó ń lọ sí Iléṣà, mo gbọ́ tí obìnrin kan tó jókòó níwájú mi ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé:

"Mo mú màmá mi lọ síbi tí àwa tí à ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pàtẹ sí. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ ọtí, àmọ́ wọn ò dá mi mọ̀ mọ́. Mo bu tèmi fún wọn."

"Ṣé wọ́n mu ún?"

"Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi nìkan ló ń pọn ọn báyìí. Ṣé o mọ̀ ọ́n?'"

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí i, kí n sọ fún un pé àárò rẹ̀ ń sọ àwọn."