Mo Yọ "Yóò", Mo Fi "Ti" Sí I

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ óò ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n. Àlùfáà ìjọ wa kò mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé wọ́n fẹ́ lé ọmọlúàbí kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí ohun tí èmi fi ọwọ́ ara mi ṣe, àti nítorí pé ohun tí mo rí nínú ara mi ń dẹ́rù bà mí.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Yábàá kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ka ìwé púpọ̀. Gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè adúláwọ̀ fi ń rá pálá lẹ́yìn àwọn tó kù, èmi ni wọ́n ń pè pé kí n wá sọ̀rọ̀. Mo máa ń dá àwọn olórí lẹ́bi láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, n kì í sì í ṣi orúkọ pè. Bí èyí bá dà bí ìgbéraga létí yín, ẹ má bínú. Ìgbéraga náà ni.

Nígbà náà, èmi ni alága ẹgbẹ́ onílé òpópónà wa. Gọ́tà wa ti dí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wó. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á wọ yàrá. Káńsẹ́lọ̀ wa, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, wá kí mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí iṣẹ́ gọ́tà wa, pé lẹ́tà ìdúpẹ́ láti àdúgbò nìkan ló kù.

Mo ní, "Ìdúpẹ́ kẹ̀? Ẹ ò tíì gbẹ́lẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ṣé èmi ni n ó wá máa sọ fún yín pé ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná ló ń gba òmíràn?"

"Oore àná ni òwe náà wí. Kò wí ti ọ̀la."

"Bàbá, ìgbàgbọ́ ni o! Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì mà ni yín! Àdúgbò tó bá kọ́kọ́ dúpẹ́ ni ẹnjiníà máa kọ́kọ́ lọ. Àti pé, ta ló tún lè kọ ọ́ bíi tiyín? Iwájú alága káńsù la ti máa kà á."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ibi tí ó ti mú mi. Kò fún mi ní kọ́bọ̀. Pé wọn yóò ka èdè mi sókè níwájú àwọn ènìyàn ńlá, ìyẹn ni mo torí rẹ̀ ta òótọ́.

Mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ níṣojú rẹ̀, ní Yorùbá pọ́ńbélé. Mo kọ ọ́ pé: "Gọ́tà yìí yóò gbà wá lọ́wọ́ omíyalé." Ó kà á, ó mi orí.

"Ó dùn o, Bàbá. Àmọ́ 'yóò' yìí ń ṣe bíi pé ẹ ò gbà wá gbọ́. Ẹ bá wa fi 'ti' sí i."

Mo yọ "yóò". Mo fi "ti" sí i. Mo tún un kọ sórí ìwé tó mọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Èmi tí mo fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a fẹ́ ṣe àti ohun tí a ti ṣe!

Ẹnjiníà kò wá. Mo bi káńsẹ́lọ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà, Bàbá." Sáà rẹ̀ parí, ó kó kúrò ládùúgbò. Èmi náà gbé ipò alága sílẹ̀, mo ní ara mi kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nínú òjò ọdún yìí, omi bo òpópónà wa débi pé ojú kò mọ ibi tí ọ̀nà parí sí àti ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó jìn sínú rẹ̀. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ó ṣì wà ní ọsibítù bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Èyí ló bí Dámilọ́lá nínú. Ọmọbìnrin yìí yá yàrá ní òdìkejì ilé wa, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó kọ ìwé ẹ̀hónú, ó gba ìfọwọ́sí ojúlé sí ojúlé, ó sì gbé e lọ sí káńsù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó já wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì kan.

"Dádì, ẹ wá wo nǹkan! Wọ́n láwọn ti ṣe gọ́tà wa tipẹ́, pé a tiẹ̀ ti dúpẹ́! Wọ́n fọ́jì ìkọ̀wé yín, Dádì! Àwọn olè yìí jí gírámà yín pàápàá. Bí mo ṣe ń kà á, ohùn yín ni mò ń gbọ́!"

Mo gbà á. Ọwọ́ mi ni. Mo wo "ti" náà, lẹ́tà méjì péré. Ó ti gbé gọ́tà odidi òpópónà mì.

"Ẹ̀yin kọ́, àbí, Dádì?"

Mo ní, "Èmi kọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, títí di òní n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí.

Ohun tó tẹ̀lé e ló wá ya mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Dámilọ́lá lọ sọ fún káńsù pé èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, káńsù sì ní àwọn yóò wá ẹni tó ṣe ayédèrú náà jáde. Wọ́n mú Múfútáù, ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ní káńsù. Wọ́n ní ìkọ̀wé rẹ̀ àti ti lẹ́tà náà jọra bí ìbejì. Òótọ́ ni, wọ́n jọra. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ní kíláàsì kìíní, tí mo ní dandan, kó tẹ ìrù "g" bíi tèmi. Wọ́n ti ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé.

Ó wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. "Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ mi bíi tiyín. Ẹ bá mi wo lẹ́tà yẹn dáadáa, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé èmi kọ́."

Mo ní màá wò ó. Ọlọ́run mi, mo ní màá wò ó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú. Mélòó ni irú mi ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn àgbà tó kàwé, tí wọ́n fi èdè dáradára dúpẹ́ fún afárá tí ẹnikẹ́ni kò gbà kọjá? A ti sọ ẹ̀tọ́ di oore. Ẹni tó yẹ kó wá jíhìn fún wa, àwa là ń kí i kú iṣẹ́. Mo ti fi ọdún púpọ̀ nàka ẹ̀bi sí àwọn olórí, lẹ́tà tèmi sì wà nínú fáìlì.

Nísinsìnyí, Dámilọ́lá ti gbé ìwé ìbúra wá fún mi. Ó ní kí n búra ní kóòtù pé n kò kọ lẹ́tà náà. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Múfútáù ti lọ nìyẹn. Bí mo bá sọ òótọ́, Múfútáù yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n káńsù lè di lẹ́tà náà mú pé a ti dúpẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, kì í ṣe gọ́tà ni mo ń bẹ̀rù fún. Orúkọ mi ni.

Mo mọ̀ pé n kò ní fọwọ́ sí i. Ibi tí agbára mi dé nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, Dámilọ́lá yóò wá gba ìwé ìbúra náà, yóò kan ilẹ̀kùn mi, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Dádì, ẹ káàárọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, gbólóhùn wo ni kí n kọ́kọ́ sọ? Mo ti ń wá a láti ọjọ́ mẹ́ta, n kò rí i.