Kọmpurẹ́sọ̀ Tí Èèyàn Lè Rù Sá

Nígbà ìjọba ológun, nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Òṣogbo lọ sí Ìlọ́bù, ọkùnrin kan tó ń fín ọ̀dà sára àga jókòó níwájú mi pẹ̀lú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kọmpurẹ́sọ̀, ẹ̀rọ atẹ́gùn tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, tó fẹ́ kọ́kọ́ rà sílé ni wọ́n ń sọ.

"Ńlá ni kí o rà. Kékeré yẹn, o ò ní kun ìlẹ̀kùn kan tán tí atẹ́gùn ẹ̀ á fi tán."

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ̀yìn ilé mi ni ààlà àwa ará Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, sà. Ìjà ilẹ̀ yìí ò tíì parí. Lọ́jọ́ tó bá tún bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo lè rù sá ni mo fẹ́."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Èyí tí o lè rù sá. Ó dáa, ra kékeré."

Ọmọ Ìfọ́n ni mí. Mo kọjú sí fèrèsé títí a fi dé.